Ìkọ́ni Gbangba àti Ìtọ́jú Èdè-Ìperí Yorùbá

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ méjì tí a kì í sábà kó pọ̀ ni a fẹ́ so mọ́ra nínú àròkọ yìí. Èkíní ni èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà kọ́ni. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí a máa rò pé bí ìgbìmọ̀ bá ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, tí a sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, iṣẹ́ ti parí. Àwọn olùkọ́, ní tiwọn, a máa mú ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti bá a. Wọn a pè é fún akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé ìgbìmọ̀ àti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni bójú tó o.

A ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì fún ohun tí ó lé ní ọdún 15. Láàárín àkókò náà, ọ̀nà ìkọ́ni wa ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìyípadà náà sì ti jẹ́ kí a rí àwọn nǹkan kan nípa bí ọ̀rọ̀ tuntun ṣe ń yè àti bí ó ṣe ń kú. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kíláàsì tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá olùkọ́ dá ọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ń jáde fún ìlò àwọn ẹlòmíràn, ni ibi tí èdè-ìperí ti ń rí ẹ̀mí gbà. A óò sì fi hàn pẹ̀lú pé ṣíṣí ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí fífi ilé sílẹ̀ láìní olùṣọ́.

2. Ohun tí a jogún

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa èdè-ìperí Yorùbá bí ẹni pé àná ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1966 a gbé ìgbìmọ̀ àkọtọ́ kalẹ̀, ìlànà tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 1974 ni èyí tí púpọ̀ nínú wa fi kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Ní ti èdè-ìperí gan-an, ìwé méjì ni a kò lè ṣe aláì dárúkọ. Ọ̀kan ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984. Ìkejì ni apá kejì rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1990. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ gírámà, ìró tàbí lítíréṣọ̀ lónìí, orí iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ni ó dúró lé.

Iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni pé wọ́n ní láti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní Yorùbá nígbà tí àwọn ọmọ ti jókòó ní kíláàsì, tí wọ́n ń retí wọn. Ọ̀rọ̀ kò ráyè sùn nínú ìwé. Bí a bá ti dá a, ẹnu olùkọ́ àti ti ọmọ ni ó ń bọ́ sí. Ní èrò tiwa, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí a ń kọ́ni ní yunifásítì.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ọwọ́ tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀. Níbi tí a ti ń kọ́ni, àwọn ìwé 1984 àti 1990 ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ dà láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, àmì ohùn á sì ti parẹ́ lórí ìdajì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e kò mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Èyí tí ó bá sì ronú kan ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ti inú ìwé lọ, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

3. Kí ni ìkọ́ni gbangba?

Ìlànà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Claude Paquette ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, ti ń kọ̀wé lórí irú ìkọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ní òmìnira láti yàn, tí yóò sì kópa nínú ìtọ́jú ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, Paulo Freire, ará Brazil, ti bẹnu àtẹ́ lu ìkọ́ni tí olùkọ́ ti ń kó ìmọ̀ sórí akẹ́kọ̀ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi owó pamọ́ sí báǹkì.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ òun síta fún gbogbo ayé láìgba owó. Ní 2002, ìpàdé tí àjọ UNESCO pè ní Paris fún irú ohun-èlò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí títí di òní. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ìwé àṣẹ ìlò ti Creative Commons kọ́kọ́ jáde, èyí tí ó fún òǹkọ̀wé láyè láti sọ pé, ‘Ẹ lò ó, ẹ dà á kọ, ẹ tún un ṣe bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sáà ti dárúkọ mi.’ Ní 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí àbá kan tí ó rọ ìjọba gbogbo láti ti irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn.

Kí ni kí a wá pè é ní Yorùbá? A gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹ̀ wò. Èkíní ni ‘ọ̀fẹ́’. Kò tó, nítorí pé owó nìkan ni ó mẹ́nu bà. Ìwé lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ó má sì sí àṣẹ láti tún un ṣe. Èkejì ni ‘àṣísílẹ̀’. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn àṣísílẹ̀ ní etí Yorùbá ni èyí tí ẹnì kan gbàgbé láti tì, tí ewúrẹ́ lè gbà wọlé. Ẹ̀kẹta ni ‘gbangba’. Gbangba ni ibi tí ojú gbogbo ènìyàn tó. Ohun tí a bá ṣe ní gbangba, a ṣe é kí a lè rí i, kí a lè bi wá léèrè nípa rẹ̀, kí ẹni tí ó bá mọ̀ jù wá lọ sì lè tọ́ wa sọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi yan ‘ìkọ́ni gbangba’ fún ìlànà náà, tí a sì ń pe ìwé àti àwọn nǹkan mìíràn tí a ń lò fún un ní ‘ohun-èlò ẹ̀kọ́ gbangba’. Bí òǹkàwé bá ní èyí tí ó sàn jù, a ń retí rẹ̀.

4. Bí kíláàsì ṣe yí padà

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà tí a bá lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ wa ni a tọ̀. Olùkọ́ a dúró níwájú, a máa ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa kọ ọ́. Ọ̀nà yìí ní ìdí tirẹ̀. Ìwé kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, àkọsílẹ̀ olùkọ́ sì ni ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wọn yóò ní títí tí wọn yóò fi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó mú ìyípadà wá ni pé àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lórí fóònù. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ kí olùkọ́ tó wọlé, kí ni a óò wá fi wákàtí náà ṣe?

4.1 Àpẹẹrẹ láti inú ẹ̀kọ́ ìró

A bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn kọ́ńsónáǹtì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí ‘àfèjìètèpè’. Bí a bá pè é fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ sílẹ̀, ó gùn, ó sì nira. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a rí i pé ‘à’, ‘fi’, ‘èjì’, ‘ètè’ àti ‘pè’ ni ó para pọ̀ di í: ohun tí a fi ètè méjèèjì pè. Bákan náà ni ‘àfeyínfètèpè’, ohun tí a fi eyín àti ètè pè. Àti ‘àfàfàséfètèpè’, ohun tí a fi àfàsé àti ètè pè, bí àpẹẹrẹ ‘gb’. ‘Àsénupè’ ni èyí tí a sé ẹnu pè; ‘àfúnnupè’ ni èyí tí a fún ẹnu pè. Nítorí náà, dípò kí a pe orúkọ fún wọn, a ní kí wọ́n pe ‘b’, kí wọ́n pe ‘f’, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ètè ara wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn dá orúkọ tí ó sún mọ́ ti inú ìwé pẹ́kípẹ́kí kí wọ́n tó rí ìwé náà rárá.

Lẹ́yìn èyí ni a fún wọn ní ohun tí kò sí ní èdè Yorùbá: ìró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ‘ronú’, tí ahọ́n ti ń yọ sí eyín. Wọ́n dá ‘àfahọ́nfeyínpè’. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, ‘Ẹ forí jì mí sà, ṣé “t” tiwa náà kò kan eyín ni?’ Kíláàsì dàrú. Àwọn kan ní ó kan eyín, àwọn kan ní èrìgì ni. Wọ́n mú dígí jáde, wọ́n ń wo ẹnu ara wọn. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n gbà pé ibi ìsẹ̀dá nìkan kò tó láti fi dá ìró kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, pé a ní láti sọ ọ̀nà ìsẹ̀dá pẹ̀lú: ‘t’ jẹ́ àsénupè, èkejì jẹ́ àfúnnupè. Ohun tí ìwé sọ ní ìlà méjì ni wọ́n fi ojú ara wọn rí. Nítorí pé ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kò sí ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ nígbà ìdánwò.

4.2 Àpẹẹrẹ láti inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì

Àwọn kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń múra láti di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Fún àwọn wọ̀nyí a gbé ìṣòro kan kalẹ̀ tí gbogbo olùkọ́ físíìsì mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘ooru’ àti ‘ìgbóná’ ń wọ inú ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní lọ́kàn. Bí a bá bu ife omi kan láti inú ìkòkò omi gbígbóná, omi inú ife àti ti inú ìkòkò gbóná bákan náà lójú ẹsẹ̀ náà. Síbẹ̀, bí a bá ju òkìtì omi dídì kan náà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti inú ife lè má yọ́ tán, nígbà tí ti inú ìkòkò yóò yọ́ pátápátá. Ohun tí wọ́n fi dọ́gba ni ‘ìwọ̀n ìgbóná’. Ohun tí ìkòkò fi ju ife lọ ni ‘ooru’.

Iṣẹ́ tí a fún wọn ni pé kí oníkálukú lọ ṣe àlàyé yìí fún ẹnì kan tí kò kàwé, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi dáhùn padà wá. Èsì wọn kò bára mu. Àwọn kan tí a bi léèrè ní omi ìkòkò ‘gbóná jù’. Àwọn mìíràn ní, ‘Ọ̀kan náà ni, èyí kàn pọ̀ jù ú lọ ni.’ Gbólóhùn kejì yìí ni kíláàsì dì mú, nítorí pé ó fi ọgbọ́n ya ‘gbóná’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘pọ̀’. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ àlàyé kúkúrú tí olùkọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kì í ṣe àwa olùkọ́ ni a dá àlàyé náà. Ìlú ni ó ti wá, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ó gbé e dé.

4.3 Eérú àti oníṣẹ́-ọwọ́

Àpẹẹrẹ kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé a máa ń sun èèpo kòkó tàbí igi mìíràn di eérú, a óò da omi sí eérú náà, a óò sẹ́ omi rẹ̀, omi yìí ni a óò sì sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo títí yóò fi di ọṣẹ. Omi tí a sẹ́ láti ara eérú yìí, ọ̀kan lára ohun tí ìwé kẹ́místrì ń pè ní álíkálì ni. Aláró náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé láìsí i, ẹ̀lú kò ní di aró tí ó mú aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dábàá pé kí a fi eérú dá ọ̀rọ̀ náà, kí a má yá álíkálì rárá. Òmíràn ta kò ó. Ó ní kì í ṣe gbogbo álíkálì ni ó ti ara eérú wá, pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣi ọmọ lọ́nà. Èyí tí ó yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí wọ́n wá ìtàn ọ̀rọ̀ náà lọ ni pé àwọn Lárúbáwá ni ó ni álíkálì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ kò sì ju eérú ewéko lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí a rò pé ó kéré jù fún Yorùbá láti fi dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, òun náà ni àwọn ẹlòmíràn fi dá a, tí gbogbo ayé sì gbà á. A kò fipá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó wà nínú àkójọ kíláàsì, pẹ̀lú ìdí tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ń bọ̀ lè máa bá àríyànjiyàn náà lọ.

5. Iṣẹ́ àṣenù àti iṣẹ́ àṣelò

Ní 2013, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Wiley, pe àkíyèsí sí irú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, tí olùkọ́ ń fún ní máàkì, tí akẹ́kọ̀ọ́ a sì wò, tí a óò sì jù nù. A pe èyí ní ‘iṣẹ́ àṣenù’. Òdìkejì rẹ̀ ni ‘iṣẹ́ àṣelò’, èyí tí yóò wúlò fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí iye ìwé àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú yàrá ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá gbogbo, tí ikán ń jẹ, tí eruku bò. Nínú wọn ni orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ẹ̀ka-èdè ìlú kéékèèké àti ìtàn tí ẹni tí ó sọ ọ́ ti di ará ọ̀run wà. Ẹnì kan ló kà á, ẹni náà sì ni olùkọ́ tí ó fún un ní máàkì.

Ní kíláàsì wa, gbogbo ọdún ni a ń fi kún àkójọ ọ̀rọ̀ kan. Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ nǹkan márùn-ún: ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ibi tí ó ti wá, àti ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń lò fún ohun kan náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá wọlé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè tún un ṣe, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pa èyí tí ó wà níbẹ̀ rẹ́ láìkọ ìdí. A fi ìwé àṣẹ ìlò sí i, kí ilé-ẹ̀kọ́ yòówù lè dà á kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ àyọkà sínú Wikipedia ti èdè Yorùbá pẹ̀lú, tí iye àyọkà rẹ̀ ti lé ní 30,000. Púpọ̀ nínú àwọn àyọkà wọ̀nyí kúrú, ọ̀pọ̀ kò sì ní àmì ohùn. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ó tó ti akẹ́kọ̀ọ́ ogún ọdún.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ohun tí ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni kò tì, nítorí pé gbangba ni ó wà.

6. Ohun tí ó ń béèrè ìṣọ́ra

Àwọn kan yóò sọ pé, ‘Bí gbogbo ènìyàn bá ń dá ọ̀rọ̀, ṣé èdè kò ní di ọjà?’ Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán, a sì ti rí ohun mẹ́rin tí ó gba ìtọ́jú.

Èkíní ni àkọtọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ‘imo iro’ láìsí àmì, òǹkàwé lè kà á sí ìmọ̀ ìró, ó sì lè kà á sí ìmọ̀ irọ́, ẹ̀kọ́ tí a kò ì tíì dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún. Ìṣòro tí ó fara sin ju èyí lọ wà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà bí ‘ẹ́’ kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo tí ó dúró fún un. Ẹnì kan lè lo ‘ẹ’ tí a ti so mọ́ àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ‘e’, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta lè fi ìlà kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò tó-tó. Lójú ènìyàn, bákan náà ni wọ́n rí. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ náà, kọ̀ǹpútà lè sọ fún wa pé kò sí. Nítorí náà, kíláàsì gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà títẹ̀ kan ṣoṣo ní ọjọ́ kìíní, kí gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni ìmọ̀. Ọlọ́ṣẹ, aláró tàbí oníṣègùn tí ó là wá lọ́yẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Àwọn Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a lè sọ ní ọjà àti ohun tí a gbé pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kí ó sì fi orúkọ olùkọ́ rẹ̀ sí i bí ẹni náà bá fẹ́. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí a fi máàkì fipá mú ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín òun àti olùkọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ní ti máàkì, àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ ni a ń wọ̀n. A kì í wo bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kíláàsì mú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣubú lẹ́yìn àlàyé tí ó múná lè gba máàkì ju ẹni tí tirẹ̀ borí lọ.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Dátà wọ́n, iná ọba kì í dúró, kì í sì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní fóònù tí ó dára. Ohun tí a bá pè ní gbangba tí ó jẹ́ pé olówó nìkan ni ó lè dé ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé olódi. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ àkójọ náà sórí ìwé ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń fi ẹ̀dà sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè ti kà á láìlo fóònù.

7. Ìkádìí

Kí ni ó wà nínú gbogbo èyí tí ó fi yẹ kí ó kan àwọn tí ń ka jọ́nà yìí? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa ìpinnu yìí, ohun kan dájú. Ibi tí èdè Yorùbá ti lè rí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ṣe ti dín kù. Bí a bá wá ń ju iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí ó kù nù ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a ń bá ìjọba sin òkú ẹni tí kò ì tíì kú.

Ìgbìmọ̀ kò lè ṣaláì wúlò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò mú àṣàyàn lára ohun tí kíláàsì dá, tí yóò fi í wé ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ dá tí kíláàsì kò dán wò yóò dùbúlẹ̀ sínú ìwé. Èyí tí kíláàsì dá tí ìgbìmọ̀ kò yẹ̀ wò yóò fọ́n ká.

Ohun mẹ́ta ni a wá ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àpilẹ̀kọ mẹ́wàá péré láti inú pẹpẹ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ wọ́n, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ inú wọn síta. Kí a fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a óò máa gbà tẹ lẹ́tà wa sínú kọ̀ǹpútà. Kí jọ́nà yìí sì fi ojú-ìwé díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá, pẹ̀lú ìdí wọn, kí àwọn àgbà lè gbà á tàbí kí wọ́n ta kò ó ní ojú gbogbo wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àkójọ kíláàsì wa ti ọdún yìí ti wà nílẹ̀, ‘àfahọ́nfeyínpè’ wà nínú rẹ̀, àyè sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ.